Ẹ̀rọ amúnáwá tí kì í mu epo: ta ló ti rí i kó ṣiṣẹ́ kọjá wákàtí kan?

Akọ̀wé Ọjà Sábó
Ọjọ́ Ajé, 8:12 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará Ìkòròdú. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn. Mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ra ìpín lọ́dọ̀ wọn á mọ àwọn tí mò ń wí. Ọ́fíìsì wọn wà lójú ọ̀nà Ìjẹ̀dé. Wọ́n ní àwọn ti ṣe ẹ̀rọ amúnáwá 5kVA tí kì í mu epo, tí kì í lo oòrùn. Wọ́n ní tí ẹ bá ti tàn án, ó ń ṣiṣẹ́ lọ ni. Ìpín kan, ₦50,000. Mo ra mẹ́rin lọ́dún méjì sẹ́yìn. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa ra ogún.

Oṣù mẹ́fà ni wọ́n dá fún wa. Oṣù mẹ́fà di ọdún kan, ọdún kan di méjì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n tún ránṣẹ́ pé kí oníìpín kọ̀ọ̀kan fi ₦30,000 kún ìpín kọ̀ọ̀kan, torí àwọn fẹ́ kọ́ ilé ẹ̀rọ sí Odògùnyàn. Ẹni tí kò bá san kí oṣù tó parí, ìpín tirẹ̀ á dín kù.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fojú rí ẹ̀rọ náà, nínú gbọ̀ngàn kan ní Ìta Ẹlẹ́wà. Àpótí irin ni, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ ewé, ó ga dé orúnkún mi. Wọ́n so gílóòbù márùn-ún àti fáànù kan mọ́ ọn. Iná tàn, fáànù fẹ́, gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Nígbà tó pé ogójì ìṣẹ́jú, wọ́n pa á, wọ́n ní àkókò tí àwọn gba gbọ̀ngàn fún ti pé. Aago mẹ́rin ò tíì lù nígbà yẹn. Mo mọ ẹni tó ni gbọ̀ngàn náà, ó sì sọ fún mi pé aago mẹ́fà ni wọ́n sanwó dé.

Ìbéèrè mi ò ju ẹyọ kan lọ: ta ló ti rí ẹ̀rọ yìí kó ṣiṣẹ́ ju wákàtí kan lọ? Owó àwọn ìyá tó ń dá ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà lójúmọ́ ló wà níbẹ̀, èmi ni wọ́n sì máa bi.


Ìyá Ẹlẹ́ja Ẹ̀bútè
8:40 alẹ́

Akọ̀wé wa, ẹ kú iṣẹ́. Èmi náà ra méjì, mi ò sì tíì rí i rí, fídíò ni wọ́n fi hàn mí.

Kì í ṣe ojúkòkòrò ló mú mi rà á. Firísà mẹ́ta ni mò ń lò. Láti oṣù Karùn-ún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, èrè ẹja ni mo fi ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀. Nígbà tó di oṣù Kẹrin 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn àdúgbò tó ń ríná jù, dé ₦225 lórí yúníìtì kan. Àdúgbò tiwa ò tilẹ̀ sí nínú rẹ̀, àìríná ni tiwa. Oṣù Kẹsàn-án tó kọjá, páálí ẹja mẹ́rin ló rà mọ́ mi lọ́wọ́ láàárín ọjọ́ méjì. Mo da iyọ̀ sí i, mo yan án, síbẹ̀ òórùn rẹ̀ ò kúrò. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n wá bá mi pé ẹ̀rọ kan wà tí kì í mu epo. Ẹ ò rí i pé mi ò lè béèrè nǹkan kan?


Eléńtíríkì Ògòlóńtò
9:25 alẹ́

Èmi náà wà ní Ìta Ẹlẹ́wà lọ́jọ́ yẹn. Iṣẹ́ iná ni mò ń ṣe láti ọdún mọ́kàndínlógún. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tí a rí.

Gílóòbù márùn-ún, wáàtì 60 lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 300. Fáànù, nǹkan bí 60. Ó di 360 wáàtì. Ní ogójì ìṣẹ́jú, gbogbo iná tó jáde jẹ́ 0.24 yúníìtì. Yúníìtì kan náà tí ẹ ń rà sí mítà ni mò ń wí. Ká tiẹ̀ fi ₦225 tí Ìyá wa dá yẹn ṣírò ó, iná tí a pàtẹ́wọ́ sí kò tó ₦60.

Bátìrì ọkọ̀ 12V 75Ah, tó bá kún dáadáa, ó gbé 0.9 yúníìtì sínú. Bátìrì kan ṣoṣo pẹ̀lú ínfátà kékeré lè ṣe gbogbo ohun tí wọ́n fi hàn wá, kó sì ṣẹ́kù ju ìdajì lọ. Mi ò sọ pé bátìrì ló wà nínú rẹ̀ o, mi ò rí inú rẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé ogójì ìṣẹ́jú kò lè jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ èwo ni èwo.

Kí wọ́n tó pa á, mo sún mọ́ ọn, mo gbọ́wọ́ lé e. Wọ́n ní mọ́tò ló ń yí nínú rẹ̀. Mọ́tò tó lè yí ẹ̀rọ 5kVA, ọwọ́ rẹ á gbọ̀n tó o bá fi kàn án. Àpótí yẹn dúró jẹ́ẹ́ bí tábìlì. Ẹ̀yìn rẹ̀ lókè, níbi tí wọ́n lu ihò sí, nìkan ló gbóná, afẹ́fẹ́ lílọ́ọ́wọ́ọ́rọ́ sì ń tibẹ̀ jáde. Mo ti tún ínfátà tó pọ̀ ṣe, mo mọ afẹ́fẹ́ yẹn.


Ọmọ Ayangbúrẹn
10:03 alẹ́

Ẹ má bínú, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí ni. Tó bá jẹ́ òyìnbó ló ṣe ẹ̀rọ yìí, a ò ní béèrè ohun kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Àdúgbò kan náà ni èmi àti ọ̀gá tó ṣe é ti dàgbà. Rédíò tó bàjẹ́ ló ti ń tún ṣe láti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó ta ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ní Ìgbogbo sórí iṣẹ́ yìí. Ṣé gbájúẹ̀ á ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀?

Wọ́n ní ìwé CAC. Wọ́n gba ìwé ẹ̀rí patent ní Àbújá, pé àwọn ló ni iṣẹ́ náà. Àwọn èèyàn ńlá wà lára àwọn tó ra ìpín, ọ̀gá báńkì kan wà níbẹ̀. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò sì ṣòro: mọ́tò ń yí jẹnẹrétọ̀, jẹnẹrétọ̀ ń fún mọ́tò níná padà, màgínẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ ló ń fi agbára kún un. Èyí tó bá ṣẹ́kù ni àwa máa lò. Ẹ fún ọmọ wa láyè kó ṣiṣẹ́.


Tíṣà Físíìsì
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:50 àárọ̀

Àbúrò mi Ọmọ Ayangbúrẹn, mo gbọ́ ẹ. Mi ò pe ọ̀gá rẹ lólè. Ènìyàn lè fi gbogbo ọkàn gba ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ gbọ́, kó sì ta ilẹ̀ lé e lórí. Ṣùgbọ́n ibi tí o ti ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́ yẹn gan-an ni wàhálà wà.

Wo ẹni tó ń ta gàrí. Ó bu kóńgò kan látinú àpò sínú ọpọ́n, ó tún bù ú látinú ọpọ́n padà sínú àpò. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, díẹ̀ á dà sílẹ̀. Kó tiẹ̀ máa bù ú láti àárọ̀ dalẹ́, àpò yẹn ò ní kún sí i. Mọ́tò tó dáa, tí a bá fún un ní 100, á mú nǹkan bí 85 jáde, ìyókù á di ooru àti ariwo. Jẹnẹrétọ̀ á gba 85 yẹn, á mú nǹkan bí 72 jáde. 72 yìí la fẹ́ kó yí mọ́tò tó ń jẹ 100, kó sì tún ṣẹ́kù fún firísà Ìyá Ẹlẹ́ja mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Níbo ló ti fẹ́ ṣẹ́kù?

Ti màgínẹ́ẹ̀tì, òótọ́ ni pé ó ń fa irin. Ṣùgbọ́n agbára tó fún ọ nígbà tí irin ń sún mọ́ ọn, òun náà ni wàá lò láti yà wọ́n. Mú màgínẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn sípíkà tó ti bàjẹ́, jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ ṣíbí, kó o wá fà wọ́n ya, ọwọ́ rẹ á sọ fún ọ. Láti àárín 1840 sí 1850 ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ bíi Joule àti Helmholtz ti fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé agbára kì í ti inú òfìfo wá. Láti ìgbà náà, kò tíì sí ẹ̀rọ kan tí wọ́n gbé síwájú olùwọ̀n tó já a ní koro.

Bó ṣe jẹ́ ọmọ wa ló mú kí n fẹ́ ká wọ̀n ọ́n. Ọmọ tí mo bá fẹ́ràn ni mo máa ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì.


Ará Ìjẹ̀dé
7:31 àárọ̀

Ẹ wo ilé-iṣẹ́ amúnáwá Ẹgbìn tó wà lẹ́yìnkùlé wa. Ẹ̀rọ mẹ́fà, 220 mẹ́gáwáàtì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó di 1,320. Ó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 1985. Gáàsì ló ń sè omi di ooru tó ń yí i, omi ọ̀sà ló sì ń mú un tutù. Bí gáàsì ò bá ti wá, ẹ̀rọ á dúró, bí ẹnjiníà ibẹ̀ ṣe lè gbọ́n tó.


Agbẹjọ́rò Ìgbogbo
12:15 ọ̀sán

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí ìwé tí wọ́n ń gbé kiri.

Ìwé CAC kò ju pé a ti fi orúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ lọ. Ẹni tó fẹ́ ta àkàrà lè gbà á. Ti patent, òfin wa kọ ọ́ ketekete pé ewu ẹni tó gbà á ló wà lórí rẹ̀, ìjọba ò ṣe onídùúró fún un. Ìwé ni wọ́n ń yẹ̀ wò bóyá ó pé, kò sẹ́ni tó tan ẹ̀rọ yẹn wò ní Àbújá.

Ohun tó kàn mí jù ni èyí: Akọ̀wé, ẹ bá mi wo rìsíìtì yín, ṣé “Ltd” ló gbẹ̀yìn orúkọ wọn? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ilé-iṣẹ́ aládàáni ni. CAMA 2020, òfin tó de àwọn ilé-iṣẹ́, ní ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ ní ju àádọ́ta oníìpín lọ, yàtọ̀ sí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ pe gbogbo ìlú wá ra ìpín. Ọ̀rọ̀ ìdókòwò ará ìlú, ọwọ́ SEC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọjà ìpín, ló wà, òfin tuntun tí Ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù Kẹta 2025 sì ti fún wọn lágbára sí i.


Akọ̀wé Ọjà Sábó
12:48 ọ̀sán

“Ltd” ni o. Mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ka iye wa tó wà lórí WhatsApp àwọn oníìpín. A jẹ́ 312.


Ọmọ Ìmọ̀tà ní Dublin
2:20 ọ̀sán

Mo kí gbogbo ilé. Ohun tí ẹ ń sọ yìí ti ṣẹlẹ̀ rí níbi tí mo wà yìí. Ní oṣù Kẹjọ 2006, ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Dublin, Steorn, sanwó fún ìpolówó nínú ìwé ìròyìn The Economist pé àwọn ní ẹ̀rọ màgínẹ́ẹ̀tì tó ń mú agbára jáde ju èyí tó gbà lọ. Wọ́n ní kí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ wá dán an wò. Oṣù Keje 2007, wọ́n fẹ́ fi han aráyé ní London. Kò ṣiṣẹ́. Wọ́n ní ooru gílóòbù inú yàrá ló bà á jẹ́. Ní 2009, ìgbìmọ̀ onímọ̀ tí àwọn fúnra wọn yàn fẹnu kò pé wọn ò fi hàn pé agbára kankan jáde. Wọn ò tìtorí ìyẹn dẹ́kun owó gbígbà. Ọdún 2016 ni wọ́n tó kógbá wọlé, owó oníìpín tó bá a lọ sì ju ogún mílíọ̀nù yúrò.

Ti ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Keely ní Philadelphia, Amẹ́ríkà, tún ju ìyẹn lọ. Láti àwọn ọdún 1870 ló ti ń sọ fún àwọn tó fowó sílẹ̀ pé ẹ̀rọ òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣetán, títí tó fi kú ní 1898. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n tú ilẹ̀ ilé iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n bá àgbá irin ràbàtà kan tó rí róbótó nísàlẹ̀ ilé, tó jọ pé wọ́n fi ń kó afẹ́fẹ́ jọ.

Ti ọ̀gá báńkì tí Ọmọ Ayangbúrẹn mẹ́nu kàn: DC Solar ní Amẹ́ríkà ní àwọn ti ṣe jẹnẹrétọ̀ sólà orí kẹ̀kẹ́ bí 17,000. Nígbà tí ìjọba wọlé, ó kéré tán ìdajì rẹ̀ kò sí níbì kankan. Ilé-iṣẹ́ Warren Buffett, olówó ńlá ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó kówó sí i. Ní 2021 wọ́n rán olórí wọn lọ sẹ́wọ̀n ọgbọ̀n ọdún. Ẹni ńlá náà lè má ṣí àpótí wò.


Ọmọ Ayangbúrẹn
3:05 ọ̀sán

Mo ti kà á. Kí lẹ wá fẹ́ kó ṣe? Ẹ sọ ọ́, màá lọ bá a.


Eléńtíríkì Ògòlóńtò
8:17 alẹ́

O ṣeun, àbúrò mi. Ohun tí a fẹ́ kò pọ̀.

Kí a gbé ẹ̀rọ náà sórí tábìlì onígíláàsì, ká lè rí abẹ́ rẹ̀, kó má sí wáyà kankan tó wọ inú rẹ̀. Kí a so mítà mọ́ ẹnu ibi tí iná ti ń jáde. Mo ní mítà kan tí wọ́n yọ ní ilé oníbàárà mi, mo ti dán an wò. Kí a wá fi ohun tó ń jẹ kílówáàtì méjì sí i. Mi ò fẹ́ áyọ́ọ̀nù, torí ó máa ń pa ara rẹ̀ tó bá gbóná tán. Irin ìsemi tí a ń kì bọ garawa, méjì, 1,000 wáàtì lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ò mọ̀ ju pé kó máa jẹ lọ. Kí a kì wọ́n bọ inú dúrọ́ọ̀mù omi, kí a máa bu omi kún un bó ṣe ń gbẹ.

Ọjọ́ mẹ́ta, wákàtí 72. Yúníìtì 144 nìyẹn. Bátìrì ínfátà ńlá, 12V 200Ah, kì í gbé ju 2.4 lọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi bátìrì ṣe 144, ọgọ́ta ló máa nílò, kò sì sí bó ṣe máa wọ inú àpótí tó ga dé orúnkún. Tí ẹ̀rọ náà bá fi lè ṣe ọjọ́ mẹ́ta yẹn, èmi fúnra mi á ta ọkọ̀ mi, màá fi ra ìpín. Kí wọ́n má ṣí inú rẹ̀ bí wọn ò bá fẹ́, àṣírí iṣẹ́ wọn ni. Mítà ò nílò kó mọ àṣírí ẹnikẹ́ni.


Tíṣà Físíìsì
8:44 alẹ́

Mo gbà bẹ́ẹ̀. Màá gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, màá sùn tì í.


Ìyá Ẹlẹ́ja Ẹ̀bútè
9:10 alẹ́

Èmi á gbé dúrọ́ọ̀mù wá. Màá gbé oúnjẹ wá pẹ̀lú.


Ọmọ Ayangbúrẹn
Ọjọ́bọ̀, 5:36 ìrọ̀lẹ́

Mo ti rí i. Ọ̀rọ̀ náà ò dùn mọ́ ọn nínú. Ó ní àwọn tó fẹ́ jí iṣẹ́ òun ló wà nídìí ẹ̀. Mo jókòó tì í fún wákàtí méjì, mo ní, “Bọ̀ọ̀dá mi, èmi tí mò ń gbèjà yín ló ń bẹ̀ yín.” Ó gbà fún Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ó ní ọjọ́ mẹ́ta ti pọ̀ jù, òun á jẹ́ kó ṣiṣẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mo gbà á bẹ́ẹ̀.


Akọ̀wé Ọjà Sábó
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:48 alẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ò lè wá, bó ṣe lọ rèé. Ènìyàn mẹ́rìndínlógójì ló wà níbẹ̀.

Aago mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n tan ẹ̀rọ náà. Wọn ò jẹ́ ká gbé e sórí tábìlì, wọ́n ní ó ti wúwo jù, ṣùgbọ́n wọ́n gbà kí a fi pákó gbé e sókè díẹ̀. A so mítà mọ́ ọn. A ki irin ìsemi méjèèjì bọ inú dúrọ́ọ̀mù. Fún ìdajì wákàtí àkọ́kọ́, mi ò ní parọ́, ọkàn mi fò sókè. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́wọ́ọ́rọ́, mítà ń kà lọ dáadáa, Ọmọ Ayangbúrẹn ń rẹ́rìn-ín, inú tèmi náà dùn fún un. Mo ti ń rò ó lọ́kàn mi pé màá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn.

Nígbà tó di aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú méjìdínlọ́gbọ̀n, ohun kan bẹ̀rẹ̀ sí í dún “píì, píì, píì” nínú àpótí náà. Eléńtíríkì wo Tíṣà lójú, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ kú. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́jọ ló ṣe. Wọ́n gbìyànjú láti tún un tàn lẹ́ẹ̀mẹta, kò tàn. Omi inú dúrọ́ọ̀mù ò tíì hó.

Ọ̀gá náà ní bẹ́árìn ló gbóná, kí a fún òun lọ́sẹ̀ mẹ́fà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣí i ká jọ wo bẹ́árìn náà. Ó kọ̀.


Eléńtíríkì Ògòlóńtò
10:15 alẹ́

Mítà ka 2.2 yúníìtì. Bátìrì 12V 100Ah méjì máa ń gbé 2.4 sínú, ínfátà á sì jẹ díẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí mo wọ̀n ni mo sọ yẹn. Ohùn “píì” yẹn, ẹni tó bá ní ínfátà nílé mọ ìgbà tó máa ń dún.


Ọmọ Ayangbúrẹn
11:02 alẹ́

Mo gbọ́ ohùn náà. Ọ̀kan irú rẹ̀ wà nílé ìyàwó mi. Mi ò ní fi kọ́bọ̀ kún owó mi mọ́, mo sì ti sọ ọ́ fún ọ̀gá náà lójú. Mo ṣì máa lọ wò ó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, torí ẹ̀gbọ́n mi ni, kò sì jẹun láti ọ̀sán.


Agbẹjọ́rò Ìgbogbo
Ọjọ́ Àìkú, 4:20 ìrọ̀lẹ́

Kí ẹnikẹ́ni má san ₦30,000 yẹn o. Lẹ́tà méjì la máa kọ: ọ̀kan sí ilé-iṣẹ́ náà láti béèrè owó padà, ọ̀kan sí SEC. Mo ti kọ méjèèjì tán, mi ò gba owó. Ó ku orúkọ, iye ìpín àti ẹ̀dà rìsíìtì ẹnì kọ̀ọ̀kan.


Akọ̀wé Ọjà Sábó
5:03 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ṣeun, Agbẹjọ́rò wa. Mo ti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún àwọn ìyá ẹgbẹ́ wa láàárọ̀ yìí, ẹnì kan sunkún. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ sí lẹ́tà náà, kó wá sí ìsọ̀ mi ní Sábó kó tó di alẹ́ Ọjọ́rú. Ẹ mú rìsíìtì yín dání. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí yẹn máa ń ṣá, tèmi ti ń funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nítorí náà ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lálẹ́ òní.